Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Po Èròjà Ọbẹ̀ Nílé ní Abẹ́òkúta, Kí Ẹ sì Máa Tà Á Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè tó ń wọlé sí mi jù lọ, ọ̀kan náà ni: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa lọ èròjà ọbẹ̀, kí n máa dì í sínú ọ̀rá, kí n máa tà á lórí fóònù mi láti ilé. Ibo ni kí n ti mú un?” Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń béèrè ti sọ òwò náà lórúkọ, ẹ ti ya àmì rẹ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti tẹ ẹgbẹ̀rún lébẹ́lì. Ata nìkan ni ẹ kò tíì rà. Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọjà gan-an bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan méjì ló gbé òwò yìí ró: kí ọjà yín gbẹ dénú, kí adùn rẹ̀ sì má yàtọ̀ láti oṣù yìí sí oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti mú méjèèjì yìí dání, ẹ ó máa tún ìyókù ṣe bí ẹ ṣe ń lọ.

## Ẹ mú oríṣi kan ṣoṣo

Ẹni tó bá gbé oríṣi mẹ́jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà á rí i pé méjì ló ń tà, mẹ́fà tó kù á máa pàdánù òórùn wọn lórí pẹpẹ. Ẹ mú ọ̀kan tí ẹ mọ̀ ọ́n sè dáadáa.

- Èròjà pẹ́pẹ́súùpù: òun ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú, nítorí gbígbẹ ni a ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èlò rẹ̀ lọ́jà. Òun náà ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ nísàlẹ̀.
- Yájì: ó ń tà dáadáa lọ́wọ́ àwọn tó ń sun ẹran. Ṣùgbọ́n kúlíkúlí inú rẹ̀ ní òróró, kì í sì í pẹ́ kí òórùn rẹ̀ tó yí padà.
- Èròjà jọ̀lọ́ọ̀fù àti ìrẹsì dídín: àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ má wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé tiyín ní ohun kan tí tiwọn kò ní.
- Ata gígún lásán: ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ata ṣọ̀mbọ̀ tó mọ́, tí kò ní yanrìn, tí a kò lú mọ́ nǹkan kan, ń wọ́n lójú àwọn tó ti jẹ èyí tí a lú rí.

Ẹ ó bi mí pé ọbẹ̀ ọ̀fadà ńkọ́, nígbà tí ìlú Ọ̀fàdà gan-an kò jìnnà sí wa. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n irú lílọ̀ máa ń tan òórùn rẹ̀ sí gbogbo ohun tó bá wà nínú yàrá. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ní ibi tí ẹ lè yà á sọ́tọ̀ sí.

Kí ẹ tó náwó gidi, ẹ ṣe ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ pín in fún àwọn tí kì í ṣe ẹbí yín kí wọ́n fi se ọbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó dùn. Ta ni yóò wo ojú yín kó ní kò dùn? Ẹ bi wọ́n pé ṣíbí mélòó ni wọ́n bù sí i, ìkòkò wo ni wọ́n fi sè é, ṣé ata rẹ̀ pọ̀ àbí ó kéré. Ẹni tó bá padà wá béèrè iye tí ẹ ń tà á, òun ni kí ẹ kà.

## Ohun èlò tí ẹ kò lè ṣe láìní

- òṣùwọ̀n onínọ́ńbà tó lè wọn gíráàmù kan
- asẹ́ olójú wẹ́wẹ́, ó kéré tán méjì
- tíréè tàbí páànù fífẹ̀ fún sísá nǹkan, àti nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi bò ó
- ike onídèérí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé
- ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá
- máńnẹ́ẹ̀tì (ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú)
- ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ìborí
- ìwé tí ẹ ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sí

Ẹ lè yá ẹ̀rọ ìlẹ̀dí ọ̀rá, ẹ lè ní sùúrù fún páànù tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìní òṣùwọ̀n. Ọwọ́ àti ojú tí a fi ń wọn nǹkan sọ́bẹ̀ nílé kò tó fún ọjà títà. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìlọta tiyín báyìí.

## Ríra lọ́jà

Kútọ̀, Lafẹ́nwá, Òmídá: ata, ata-ilẹ̀, aáyù àti àlùbọ́sà wà ní gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀rù, ìyèré, ariwó (ehuru) àti àìdan, tí wọ́n jẹ́ èlò pẹ́pẹ́súùpù, ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́jà ni ẹ ó ti rí wọn. Ẹ rántí pé lẹ́kulẹ́jà ń tà fún aláàgbo pẹ̀lú. Ohun tó ti jókòó sínú àpò láti ọdún tó kọjá lè tẹ́ aláàgbo lọ́rùn. Kò lè tẹ́ ẹ̀yin lọ́rùn.

1. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ fi èékánná ya ẹ̀ẹ̀rù díẹ̀. Bí òórùn kò bá lé jáde lójú ẹsẹ̀, ó ti pẹ́ jù.
2. Ẹ fọ́ ọ wò. Ẹ ní kí wọ́n fọ́ ariwó méjì tàbí mẹ́ta níwájú yín. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún, kó sì ní òróró díẹ̀. Èyí tó ti rún, tàbí tí kòkòrò ti gbẹ́ inú rẹ̀, ẹ máa lọ.
3. Ẹ gbọn ata gbígbẹ. Hóró inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dún. Ẹ la ọ̀kan sí méjì: bí nǹkan funfun tàbí eléérú bá wà nínú rẹ̀, ó ti bu nìyẹn.
4. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi lú u, àbùkù rẹ̀ yóò sì di tiyín.
5. Ẹ fi òṣùwọ̀n tiyín wọn ọ́n nígbà tí ẹ bá délé. Kóńgò kan kì í bá òmíràn dọ́gba, pàápàá èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú.

Ìkìlọ̀ lórí ohun tó bu. Ata, ẹ̀pà àti kúlíkúlí tó bá ti bu lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ojú kò lè rí i, iná ìdáná kì í pa á tán, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣa apá tó bu kúrò kó lo ìyókù. Ẹ dà á nù, ẹ má sì fi fún adìyẹ.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò yín fún owó ọjà tó lè gbéra lójijì. Ní ọdún 2023, àìsàn kọlu oko ata-ilẹ̀ ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa, owó rẹ̀ sì fò sókè. Bí ẹ bá ti bá oníbàárà ṣàdéhùn iye kan fún ọdún kan gbáko, ẹ ó sunkún.

## Gbígbẹ: ibi tí òwò yìí ti ń kú

Abẹ́òkúta kì í ṣe Kánò. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ wa tutù, ohun tí ẹ bá sì rò pé ó ti gbẹ tún máa ń fa omi padà mọ́ra. Kódà èyí tí ẹ rà ní gbígbẹ lọ́jà, ẹ tún un sá kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ń lo oòrùn:

1. Ẹ gbé tíréè sórí tábìlì tàbí àgéré. Kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wà létí títì, níbi tí èéfín ọkọ̀ àti eruku ti ń bà lé e.
2. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Eṣinṣin àti ẹyẹ kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ yín.
3. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ máa yí i padà.
4. Ẹ kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ìrì òru kan lè ba iṣẹ́ ọjọ́ méjì jẹ́.

Nígbà òjò, ẹ lo ófùnù ní iná tó kéré jù, nǹkan bíi 60°C, kí ẹ fi nǹkan tẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kó ṣí díẹ̀ kí ooru omi lè jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún gbígbẹ èso náà dára bí owó bá wà. Ẹ má lo ààrò èédú: èròjà á gba òórùn èéfín, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i mọ́.

Ata-ilẹ̀ tútù gba sùúrù. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tó wọ oòrùn, torí pé èyí tó bá nípọn á gbẹ lẹ́yìn, inú rẹ̀ á sì máa bu. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: kìlógíráàmù 5 tútù kò ní fi púpọ̀ ju kìlógíráàmù 1 gbígbẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣírò owó rẹ̀ ló ń gbàgbé èyí, wọ́n á wá máa wá èrè tí kò sí níbẹ̀ látilẹ̀wá.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ:

- Ẹ mú ata tàbí ata-ilẹ̀ kan, ẹ ṣẹ́ ẹ. Ó gbọ́dọ̀ dá pẹ́ẹ́. Bí ó bá tẹ̀ kó tó já, ẹ dá a padà sínú oòrùn.
- Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn fún wákàtí díẹ̀. Bí ara ìgò bá làágùn nínú, omi ṣì wà lára rẹ̀.

## Mímúra èlò sílẹ̀ àti lílọ̀ rẹ̀

Ariwó: ẹ yan án díẹ̀ nínú agbada gbígbẹ, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ̀ẹ̀rù: ẹ gbọn hóró inú rẹ̀ dànù, nítorí hóró yẹn korò, èèpo rẹ̀ ló ní òórùn. Àìdan: ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yọ hóró líle inú rẹ̀, ẹ sá a dáadáa, torí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ bí kò bá gbẹ. Ìyèré kò ní wàhálà, ẹ kàn ṣa òkúta àti igi kúrò nínú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ tó lọ ata tútù láàárọ̀, tó lọ ẹ̀wà àkàrà, tó tún lọ ẹ̀pà, ni ẹ fẹ́ da èròjà gbígbẹ sí.

1. Ẹ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wá ẹ̀rọ tó jẹ́ pé nǹkan gbígbẹ nìkan ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀.
2. Ẹ san owó díẹ̀ lé e kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ níṣojú yín.
3. Ẹ mú ife ìrẹsì kan dání. Kí wọ́n fi ìrẹsì yẹn fọ inú ẹ̀rọ ná, kí ẹ dà á nù, kí ti yín tó wọlé.
4. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin ìlọta. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tàbí kí ẹ lọ ibòmíràn. Irin tuntun máa ń rún sínú ohun tí ẹ bá lọ̀.

Bí ẹ bá délé, ẹ lo máńnẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ wé e, ẹ tẹ́ èròjà sínú tíréè, ẹ fà á kọjá lórí rẹ̀ ní sùúrù, lọ síwájú bọ̀ wá sẹ́yìn, kó máa kan lẹ́búlẹ́bú náà. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Èérún irin, bó bá wà, á dúdú, á sì dìde ṣánṣán lára ọ̀rá bí irùngbọ̀n ọlọ́jọ́ méjì. Ẹ yọ ọ̀rá náà, ẹ jù ú nù, ẹ fi òmíràn wé e, ẹ tún un fà títí kò fi ní mú nǹkan kan wá mọ́. Bí èyí tó mú wá bá pọ̀, gbogbo ohun tí ẹ lọ̀ lọ́jọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó dùn mí fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má tà á.

Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ kékeré lọ̀ ọ́ nílé, kó máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa sinmi láàárín, nítorí ooru ẹ̀rọ ń lé òórùn èròjà lọ. Ẹ wọ ìbòmú. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, pẹ̀lú ẹni tó bá ní ikọ́ fée. Bí ẹ bá ń gbé ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, ẹ wá àkókò tí àwọn aládùúgbò ti jáde lọ síbi iṣẹ́; ikọ́ ata ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju ọ̀rọ̀ owó iná lọ.

## Pípò: òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu

Ẹ lọ èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ jọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ tó pò wọ́n. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní mọ èyí tó ń pọ̀ jù.

Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ fún kìlógíráàmù 1 èròjà pẹ́pẹ́súùpù:

- ariwó: gíráàmù 350
- ata gbígbẹ: gíráàmù 180
- ata-ilẹ̀ gbígbẹ: gíráàmù 150
- ẹ̀ẹ̀rù: gíráàmù 120
- ìyèré: gíráàmù 100
- àìdan: gíráàmù 100

Ẹ yí i padà bí ẹnu yín bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n èlò kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì fi magí sí i. Iyọ̀ ń fa omi mọ́ra nígbà òjò, ó sì ń sọ oníbàárà di ẹni tó ń ra iyọ̀ ní owó ariwó. Kó bu iyọ̀ tirẹ̀ sí ìkòkò fúnra rẹ̀.

Ìpò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé yín: ọjọ́ tí ẹ pò ó, ibi tí ẹ ti ra èlò rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ sínú ike kékeré. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ní “tọ̀tẹ̀ yìí ò dùn tó ti tẹ́lẹ̀,” ẹ ó ṣí ike méjèèjì, ẹ ó tọ́ wọn wò, ẹ ó sì mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.

## Dídì àti lébẹ́lì

Èròjà gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kó tó wọ ọ̀rá. Èyí tó bá wọlé ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ á làágùn nínú ọ̀rá, á sì dì gbá.

Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ṣúgà lọ́jà kò lè gbé òórùn ró. Ẹ lo ọ̀rá tó nípọn tí inú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tó sì ní ẹnu tó ṣeé tún tì. Ìgò ike náà dára, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè nínú ẹrù, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára lébẹ́lì:

- orúkọ ọjà
- gbogbo èlò inú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ló máa ṣáájú
- ìwọ̀n rẹ̀ láìka ọ̀rá mọ́ ọn
- orúkọ òwò yín àti àdírẹ́sì
- ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tí yóò pé (tí kò ní ṣeé lò mọ́), àti nọ́ńbà ìpò
- nọ́ńbà NAFDAC
- bí a ṣe ń lò ó

Bí ẹ̀pà bá wà nínú rẹ̀, tàbí bí ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ bá ń lọ ẹ̀pà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba. Ara àwọn kan kò gba ẹ̀pà rárá, ó sì lè pa wọ́n.

Ẹ má kọ ọdún méjì sí ọjọ́ tí yóò pé torí pé ẹ rí i lára ti ẹlòmíràn. Ike tí ẹ pamọ́ ni yóò sọ fún yín. Ní tèmi, oṣù mẹ́fà tó fún èròjà pẹ́pẹ́súùpù, oṣù méjì fún yájì. Ẹ má sì kọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Oúnjẹ lẹ ń tà, NAFDAC kò sì fàyè gba kí lébẹ́lì oúnjẹ máa ṣèlérí ìwòsàn.

## Ìwé ìjọba

Mo mọ̀ pé ibí yìí lẹ fẹ́ fò. Òfin ni pé a kò gbọdọ̀ ṣe oúnjẹ àdìtà, polówó rẹ̀, pín in tàbí tà á ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ wo “polówó” yẹn dáadáa: WhatsApp status náà ìpolówó ni.

1. CAC: ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ẹ ó nílò NIN yín. Ẹ mú orúkọ méjì dání, torí pé ẹlòmíràn lè ti gba àkọ́kọ́. (Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ sáré tẹ lébẹ́lì.)
2. Àmì ọjà: ẹ forúkọ ọjà yín sílẹ̀ lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Ilé-iṣẹ́, Ìṣòwò àti Ìdókòwò. NAFDAC máa ń béèrè ẹ̀rí rẹ̀.
3. Ibi iṣẹ́: ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ kúrò lára ilé ìdáná ẹbí. Ilẹ̀ àti ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fọ̀, fèrèsé gbọ́dọ̀ ní nẹ́ẹ̀tì, omi tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà, eku àti aáyán kò gbọdọ̀ ní ọ̀nà.
4. Àyẹ̀wò ìlera: gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan èròjà gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò.
5. NAFDAC: orí ìkànnì NAPAMS ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè. Wọn yóò wá wo ibi iṣẹ́ yín, wọn yóò sì gba ọjà lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ńbà náà ń lo ọdún 5 kí ẹ tó tún un ṣe.

NAFDAC ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó kọ́ tàbí kí ẹ tó tún yàrá kan ṣe, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ àti ètò tó wà fún àwọn oníṣẹ́ kékeré. Ẹ má kówó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa “bá yín yára ṣe é.” Ẹ má sì yá nọ́ńbà ẹlòmíràn tẹ̀ sára lébẹ́lì tiyín, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú ìyẹn.

## Iye tí ẹ ó máa tà á

Owó àfiṣàpẹẹrẹ ni ìwọ̀nyí. Ẹ fi iye tí ẹ rà á gan-an dípò rẹ̀. Ká ní èlò kìlógíráàmù 2 lẹ rà, láti dì í ní gíráàmù 100:

- èlò: ₦18,000
- lílọ̀: ₦1,500
- ọ̀rá àti lébẹ́lì 20: ₦5,000
- owó ọkọ̀ lọ sọ́jà: ₦1,500
- dátà àti iná: ₦2,000
- iṣẹ́ ọwọ́ yín: ₦4,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦32,000. Ẹ kò ní rí ọ̀rá 20 níbẹ̀, torí pé ẹ̀rọ àti asẹ́ á jẹ díẹ̀. Ẹ kà á sí 19. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ná yín ní nǹkan bíi ₦1,684. Bí ẹ bá tà á ní ₦2,300, ẹ ó gba ₦43,700, èrè á jẹ́ ₦11,700. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń bá yín tà bá gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,955 ló máa dé ọwọ́ yín lórí ọ̀kan, èrè yín lórí ọ̀kan náà á sì wálẹ̀ sí ₦271.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn yọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò kí ọjà lè pọ́ọ́kú. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ ni ẹ ó rí i pé owó rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ẹ má sì ta àwìn fún ọ̀rẹ́. Ẹ fún un ní ọ̀rá kékeré lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìyókù di ti owó.

## Títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ fi WhatsApp Business bẹ̀rẹ̀, lórí síìmù tó yàtọ̀ sí ti ilé. Instagram àti Facebook lè tẹ̀ lé e.

1. Ẹ to ọjà sínú kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àti iye owó. “Ẹ wá bi mí ní iye” ń lé oníbàárà sá.
2. Ẹ ya àwòrán lójú fèrèsé ní ọ̀sán. Ẹ ya ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ má kàn ya ọ̀rá lásán. Ọ̀rá kì í mú itọ́ yọ lẹ́nu.
3. Ẹ ṣe fídíò kékeré níbi tí ẹ ti ń bu ṣíbí kan sínú ẹja àrọ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá sọ iye omi àti iye ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ń wá irú rẹ̀.
4. Ẹ gbé e jáde ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ro ohun tí wọ́n máa sè ní òpin ọ̀sẹ̀.
5. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà síta, kí ẹ sì bo orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀.

Áláàtì irọ́. Kí ẹ má gbé ọjà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí àwòrán tó fi ránṣẹ́ tàbí téèsì tó wọlé. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ rí owó náà nínú àpapọ̀ owó tó wà níbẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, kí oníbàárà ní sùúrù. Ẹni tó sanwó lóòótọ́ kì í bínú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, bí ó tilẹ̀ wà lára lébẹ́lì. Ẹ bá ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á pàdé ní ibi tí èrò wà, bíi Panṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀, ní ọ̀sán.

## Gbígbé ọjà ránṣẹ́

Láàárín ìlú, ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù ló rọrùn jù. Ẹ kó ọjà jọ, kí ẹ yan ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún ìfiránṣẹ́, ọjọ́ kan fún ọ̀nà Asérò àti Ọbáńtokò, ọjọ́ kejì fún Lafẹ́nwá àti Ìta Ọ̀ṣìn. Oníbàárà ló ń san owó ọkọ̀, ẹ sì sọ ọ́ fún un kó tó sanwó ọjà.

Fún Èkó àti Ìbàdàn, ẹ lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ ní gáréèjì:

- ọ̀rá méjì-méjì, téèpù ní ẹnu, lẹ́yìn náà páálí
- orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á, ní ẹ̀gbẹ́ méjì páálí
- àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀, àti nọ́ńbà awakọ̀ fúnra rẹ̀
- ẹ bẹ awakọ̀ pé kó má tò ó mọ́ ẹja tàbí jẹ́ẹ́gánnì epo

Ẹrù tó bá lé ní ọ̀rá mẹ́wàá, tàbí tó ń lọ jìnnà sí Ìbàdàn, ẹ gbé e fún ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tó ń fúnni ní rìsíìtì. Owó rẹ̀ ga ju ti awakọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹni tí ẹ máa mú bó bá sọnù.

## Bí owó kò bá tíì tó

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní kí ẹ jókòó máa retí owó ńlá.

Ẹ lè wá ẹni tó ti ní ibi iṣẹ́ tí NAFDAC ti wò, kí ó máa bá yín po ìpò tiyín. Ọjà yín ṣì máa gba nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní kọ́ yàrá. Ẹ ṣe àdéhùn lórí ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n èlò yín kì í ṣe ohun tó lè tà fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ gba yàrá kan, kí ẹ jọ ra òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ ìlẹ̀dí, kí kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí oníyájì àti oní-pẹ́pẹ́súùpù lo ẹ̀rọ ìlọta kan náà láìfọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀pà.

Tàbí kí ẹ máa bá ẹni tó ti ní nọ́ńbà ta ọjà tirẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Èrè rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ẹni tó ń rà, ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́, àti àdúgbò tí ọlọ́kadà ń fi owó gíga ká, kí owó tiyín tó wọ inú rẹ̀.